Ràn lọ́wọ́, bá, gbà: ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ àti ìlò wọn lójoojúmọ́

Bí ará Inland Town ní Onitsha bá ń wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́, “nyere m aka” ni yóò sọ. Bí a bá tú gbólóhùn Igbo yìí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, “fún mi ní ọwọ́” ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú rẹ̀. Nínú méjèèjì, ọwọ́ olùrànlọ́wọ́ ni a ń tọrọ. Yorùbá náà dárúkọ ọwọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn ni. “Lọ́wọ́” inú “ràn mí lọ́wọ́” jẹ́ ìsúnkì “ní ọwọ́”, ọwọ́ ẹni tí a ràn sì ni. Ẹni náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ìrànlọ́wọ́ tó dé bá a. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni “kún mi lọ́wọ́” tí a máa ń gbọ́ nídìí iṣẹ́ ilé àti ti oko. Ìdí nìyí tí “fún mi ní ọwọ́” kò fi lè ṣiṣẹ́ “nyere m aka” fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti Onitsha wá kọ́ Yorùbá.

Ìpàdé èdè méjèèjì ní ìlú yìí ti pẹ́. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, ẹni tí àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣe jáde ní 1843, ni ó ṣaájú àwọn oníwàásù CMS tí wọ́n dé Onitsha ní 1857, nígbà tí Ọbí Akazua wà lórí ìtẹ́. Ní ọdún kan náà ni ìwé ìbẹ̀rẹ̀ tí ó ṣe fún èdè Igbo jáde. John Christopher Taylor, tí a bí ní Sierra Leone fún àwọn òbí tí wọ́n jẹ́ Igbo, ni ó fi sílẹ̀ láti máa bójú tó iṣẹ́ níbẹ̀.

Ohùn ni ó kọ́kọ́ ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Ohùn ìsàlẹ̀ ni “ràn” ní, ìyẹn ni a fi ń sọ “ó ràn mí lọ́wọ́”, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e, ohùn àárín ni yóò dà: “ó ran Adé lọ́wọ́”. “Gbà” náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. “Rán” ohùn òkè kì í yí padà, ohun tí ó sì ń sọ yàtọ̀ pátápátá: ẹni tí ó sọ pé “ó rán mi” ti di ìránṣẹ́.

Síbẹ̀, bí a bá fetí sí ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́jà tàbí nínú agbo ilé, “ràn lọ́wọ́” kọ́ ni a ó gbọ́ jù. “Bá” ni. Ẹni tí ó ru ẹrù wúwo kì í sọ pé kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ láti sọ ẹrù kalẹ̀. “Ẹ bá mi sọ̀ ọ́” ni yóò wí. Nígbà mìíràn àwa méjèèjì ni a jọ ń ṣe iṣẹ́ náà, bí i “bá mi gbé e”. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò ṣe é: bí a bá ní kí ọmọ bá wa ra iṣu bọ̀, a kò ní tẹ̀lé e lọ sọ́jà. Ìṣe tí ó tẹ̀lé “bá” ni ó ń fi èyí hàn, kì í ṣe “bá” fúnra rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí o. “Ó bá mi jà” kò túmọ̀ sí pé ó dúró tì mí nínú ìjà. Èmi gan-an ni ó kọjú ìjà sí. Ẹni tí ó dúró tì mí, “ó gbèjà mi” ni. Mo rò pé kò sí àṣìṣe mìíràn nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tí ó lè tètè dá wàhálà sílẹ̀ tó èyí.

Ọmọdé tí ó bá rí àgbà tí ó gbé ẹrù kì í bi í léèrè bóyá ó nílò ìrànlọ́wọ́. “Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e, mà” ni ó yẹ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á sì ti wà lára ẹrù náà kí ó tó sọ ọ́ tán.

Ewu ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹni tí omi ń gbé lọ, tàbí tí ilé ń jó mọ́, “ẹ gbà mí o!” ni igbe rẹ̀. Bí ó bá ké pé “ẹ ràn mí lọ́wọ́”, aládùúgbò lè rò pé ẹrù ni ó fẹ́ gbé, kí ó kọ́kọ́ parí ohun tí ó ń ṣe.

“Ti lẹ́yìn” àti “gbárùkù tì” wà fún ọ̀ràn olóṣèlú àti ẹgbẹ́. “Ìrànwọ́” ni ìwé ìròyìn yàn fún owó ìjọba: “owó ìrànwọ́ orí epo” ni gbogbo ènìyàn ń dárúkọ lẹ́yìn ìkéde ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 2023.

Ó ku àárò àti ọ̀wẹ̀. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ a pe ẹbí àti àna wá sí oko tàbí ibi ilé kíkọ́, a sì bọ́ wọn. Kò sí ẹni tí ń ka ọjọ́ sí i lọ́rùn, nítorí náà a lè pè é ní ìrànlọ́wọ́. Àárò kò rí bẹ́ẹ̀. Oko rẹ lónìí, oko mi lọ́la, iye ọjọ́ sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Àgbẹ̀ tí ó bá ń fọ́nnu pé òun ran ẹlẹgbẹ́ òun lọ́wọ́ nínú àárò lè gbọ́ ọ lójú ara rẹ̀ pé gbèsè ni ó san.