Ajá, Ológbò àti Bàbá Onílé

Nínú agbo ilé Yorùbá àtijọ́, ènìyàn nìkan kọ́ ni ó ń gbé ibẹ̀. Adìẹ ń jẹ̀ ní àgbàlá, ewúrẹ́ ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ajá ọdẹ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ológbò sì ń dẹ eku ní ìdí àká. Kò sí ẹni tí ó ń tọrọ àyè fún wọn. Bí ewúrẹ́ Lágbájá bá jẹ èlùbọ́ Tàmẹ̀dù, baálé ni yóò dá ẹjọ́ náà, ẹni tí ó jẹ̀bi yóò sì tọrọ àforíjì. A kì í tìtorí ewúrẹ́ lé ọmọ ilé jáde, nítorí pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ni ilé.

Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ yìí dé Ṣómólú tàbí Bàrígà, a ó rí i pé nǹkan ti yàtọ̀. Ẹni tí ó ní ajá tí ó sì fẹ́ yá yàrá ní láti kọ́kọ́ gba àṣẹ lẹ́nu onílé. Kí ni ó sọ ajá, tí ó jẹ́ ará ilé tẹ́lẹ̀, di ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún? Ìtàn bí a ṣe kọ́ ilé ní Èkó ni yóò dá wa lóhùn.

Ní ọdún 1924, àrùn tí eégbọn ara eku ń kó ran ènìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Èkó. Nígbà tí ó di 1928, ìjọba amúnisìn dá àjọ tí a mọ̀ sí LEDB sílẹ̀ láti tún ìlú náà tò. Àjọ yìí wó àwọn ilé tí ó há mọ́ ara wọn ní Erékùṣù Èkó, ó sì la àdúgbò tuntun sí Yábà. Ṣómólú àti Bàrígà kò jìnnà sí Yábà, ṣùgbọ́n wọn kò sí lábẹ́ àṣẹ ìlú Èkó. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni wọ́n wà títí di 1967, tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, èrò ń ya wọ Èkó láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ìlàjẹ àti ibòmíràn gbogbo. Àwọn tí owó wọn kò ká ilé ní Erékùṣù tàbí Yábà kọjá sí Ṣómólú àti Bàrígà. Oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó tu owó jọ ra ilẹ̀, wọ́n sì kọ́ irú ilé tí yóò tètè mú owó wọlé: yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàrin, ilé ìdáná kan, ilé ìwẹ̀ kan, ilé ìgbẹ́ kan. Kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ ni irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo ilé jẹ́ ti ìdílé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àyágbé jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kò sì jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Bí ajá bá yàgbẹ́ sí i, gbogbo ilé ni yóò fi imú gbà á, kò sì ní sí ẹni tí yóò gbà pé ti òun ni. Onílé sì ní ẹ̀rù tirẹ̀. Bí ajá bá bu ọmọ aládùúgbò jẹ, tí ó sì lọ jẹ́ ajá dìgbòlugi, ikú ni. Bí onílé bá jẹ́ mùsùlùmí, ó lè máa bẹ̀rù kí itọ́ ajá kan aṣọ ìrun. Ní ti ológbò, pàápàá èyí tí ó dúdú, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹran àjẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ayálégbé ní àwíjàre: olè ń jà, eku sì pọ̀. Àwọn àgbà ní bí ológbò bá re àjò, ilé a di ilé èkúté. Ìlú tí eku sọ di títúntò ni a ti ń lé apeku jáde!

Ajá tún ní iṣẹ́ mìíràn nínú irú ilé yìí. Yorùbá a máa fi orúkọ ajá pa òwe fún ẹni tí wọn kò fẹ́ kọjú ìjà sí. Ẹni tí ó sọ ajá rẹ̀ ní Ṣebíotimọ tàbí Tanímọ̀la, tí ó ń pè é láràárọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ilé mọ̀ pé kì í ṣe ajá ni ó ń bá wí. Nítorí náà, nígbà mìíràn, ariwo ajá kọ́ ni ó ń bí onílé nínú, bí kò ṣe orúkọ rẹ̀.

Òfin Ilé Yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 kò yọ Ṣómólú àti Bàrígà sílẹ̀ bí ó ti yọ Ìkòyí àti Apápá. Ó ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Bí àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, ó fún ẹni tí ń san owó lọ́dọọdún ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà kí a tó ní kí ó kó jáde. Ṣùgbọ́n kò ya orí kankan sọ́tọ̀ fún ajá tàbí ológbò. Ohun tí ó sọ ni pé ẹni tí ó bá da àdéhùn, tàbí tí ó ń da àwọn ẹlòmíràn láàmú kọjá ohun tí ara lè gbà, lè pàdánù ilé náà ní kóòtù. Àdéhùn wá ni ohun gbogbo dúró lé.

Èyí ni ó fi burú pé ọ̀pọ̀ ayálégbé ń fi ajá pamọ́ títí wọn yóò fi sanwó tán. Ọjọ́ tí àṣírí bá tú, ajá ni ó ń jìyà rẹ̀: a lé e sí títì, kò rí oúnjẹ, kò rí abẹ́rẹ́ àjẹsára gbà, dìgbòlugi tí onílé ń bẹ̀rù gan-an a sì rí ọ̀nà wọ àdúgbò. Ó sàn kí ayálégbé mú àgbàlagbà kan dání, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó sì wí pé: “Bàbá onílé, ẹ kú ilé o. Ajá kan wà lọ́wọ́ wa, a sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gba owó.” Kí ó fi ìwé abẹ́rẹ́ ajá hàn. Kí wọn jọ kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tí yóò máa gbá ìgbẹ́, ibi tí a ó so ajá mọ́, àti ẹni tí yóò san owó ìtọ́jú bí ó bá bu ènìyàn jẹ.

Baálé tí ń dá ẹjọ́ ewúrẹ́ kò sí nínú ilé àyágbé mọ́. Ìwé àdéhùn ni ó gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀, òótọ́ ni a sì gbọ́dọ̀ fi kọ ọ́. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé kan náà ni ó yẹ kí a wò, kí a sì bá ẹni tí ó ni ín sọ̀rọ̀, kí a tó mú ajá wọ̀ ọ́.