Ọgbà Ère Tó Wà Lórí Oko Ìrẹsì

Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò tó ń fi ọkọ̀ ṣe ilé, tí ibùsùn àti ilé ìdáná wà nínú rẹ̀, ló máa ń gúnlẹ̀ sí Huntington Beach State Park, létí òkun ní South Carolina, Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá sọdá títì, wọ́n ti dé ọgbà ère Brookgreen Gardens.

Ère ẹṣin méjì tó ń jà, tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, ló ń kí àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Anna Hyatt Huntington ló fi alumíníọ̀mù ṣe é ní 1950. Òun àti Archer ọkọ rẹ̀ ra ilẹ̀ náà ní 1930, wọ́n sì dá ọgbà sílẹ̀ ní 1931. Anna ló to ọ̀nà inú rẹ̀ bí labalábá tó na ìyẹ́.

Oko ìrẹsì mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Joshua John Ward, tó ni oko Brookgreen, ní ẹrú tó lé ní 1,000 ní 1850. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú wá síbẹ̀ ló ṣán igbó inú irà, tí wọ́n fi erùpẹ̀ mọ odi, tí wọ́n sì ṣe ilẹ̀kùn onípákó tó ń darí omi odò wọ oko. Ọ̀pọ̀ wọn ti mọ iṣẹ́ ìrẹsì láti ilé, láti Senegal títí dé Sierra Leone. Àwọn Gullah Geechee tó ń gbé etíkun náà dòní ni àrọ́mọdọ́mọ wọn.

Ẹni tó wá wo ère kò gbọdọ̀ lọ láì wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹrú náà: ọkọ̀ ojú omi ń gbé àlejò gba ẹ̀gbẹ́ àwọn oko ìrẹsì àtijọ́ náà kọjá.