Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Bí Ẹ̀kọ́ Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Àwọn Adití



Bí ọmọ kan bá jẹ́ adití ní agbo ilé yín, kí ni ẹ máa ń ṣe fún un? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé: «Kò gbọ́ràn, báwo ni yóò ṣe kàwé?» Wọn á fún un ní ọkọ́, àwọn àbúrò rẹ̀ á máa lọ sí ilé-ìwé. Ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn léèrè bóyá ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ òótọ́.

Ní ìlú Paris, ní ilẹ̀ Faransé, àlùfáà kan wà tí a ń pè ní Charles-Michel de l'Épée. Ó rí ọmọbìnrin adití méjì, ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n ń fi ọwọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó rò ó pé: etí àwọn wọ̀nyí di, ṣùgbọ́n ojú wọn ríran. Ohun tí kò gba etí wọlé lè gba ojú wọlé. Ní nǹkan bí ọdún 1760, ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé fún àwọn adití. Òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ kọ́ èdè ọwọ́ lọ́dọ̀ wọn, lẹ́yìn náà ni ó fi í kọ́ wọn ní ìwé.

Adití kan tó kàwé ní ilé-ìwé yẹn, Laurent Clerc, di olùkọ́. Ní 1816, ó bá Thomas Gallaudet lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1817, wọ́n ṣí ilé-ìwé àwọn adití ní ìlú Hartford.

Ṣùgbọ́n ìtàn kì í lọ tààrà. Ní 1880, àwọn olùkọ́ ṣe ìpàdé ní ìlú Milan, ní ilẹ̀ Ítálì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwọn tó ń gbọ́ràn ni gbogbo wọn. Wọ́n pinnu pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí a máa fi kọ́ adití. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní Yúróòpù, wọ́n lé èdè ọwọ́ jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ jókòó fún ọdún púpọ̀, wọ́n ń wo ètè olùkọ́, wọn kò mọ ohun tó ń wí.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí Faransé ń ṣe ìjọba Dahomey, ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní ilé-ìwé, wọn á fi ohun tí wọ́n ń pè ní «signal» kọ́ ọ lọ́rùn, kí ojú lè tì í. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi èdè yín kàwé lónìí, ẹ mọ bí inú ṣe ń dùn tó nígbà tí ẹ̀kọ́ bá gba ọ̀nà tó yéni.

Ẹni tó mú ẹ̀kọ́ náà dé ọ̀dọ̀ wa ni Andrew Foster, ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Wọ́n bí i ní 1925. Nígbà tó di ọmọ ọdún 11, àrùn yírunyírun, èyí tó máa ń mú kí ọrùn le gan-an, sọ ọ́ di adití. Kò dúró síbẹ̀. Ní 1954, ó gboyè ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington. Ní 1957, ó dé Accra. Ó gba àyè ní yàrá ilé-ìwé kan nígbà tí àwọn ọmọ ibẹ̀ bá ti lọ sí ilé, ó sì ń kọ́ adití, ọmọdé àti àgbà. Ní 1960, ó dé Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni ó tún ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ tó wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ń sọ Faransé. Àwọn adití wà lára àwọn olùkọ́ náà. Kó tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Rwanda, ní oṣù Kejìlá ọdún 1987, ó ti dá ilé-ìwé tó lé ní 30 sílẹ̀ ní Áfíríkà. Ilẹ̀ wa Benin wà nínú rẹ̀.

Ẹ wò ó: etí àwọn adití wọ̀nyí kò là, síbẹ̀ wọ́n kàwé. Ọ̀nà tí a gbà kọ́ wọn ni a yí padà. Àwọn àgbà wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Àwa náà lè bẹ̀rẹ̀ láti inú kíláàsì wa. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa jókòó níwájú. Kí olùkọ́ kọjú sí i, kó má ṣe máa bá pátákó sọ̀rọ̀. Kó fi iṣu hàn án kó tó kọ «iṣu». Fún ẹni tí kò ríran dáadáa, kí ó kọ lẹ́tà ńlá, kí ó sì ka ohun tó kọ sókè. Fún arọ, ẹ gbé kíláàsì sí ibi tí kò ní àtẹ̀gùn.

Òfin pàápàá wà lẹ́yìn wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ilẹ̀ Benin gbé òfin kan jáde tó dá ààbò bo ẹ̀tọ́ àwọn abirùn, ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ inú agbo ilé lọ mú ọmọ wá sí ilé-ìwé. Ẹ̀yin ni ẹ lè ṣe é.

Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà ní ilé yín, tàbí ní ilé ará àdúgbò, ẹ lọ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ kí ilé-ìwé tó wọlé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkọ́ nìkan jẹ́ ogún tirẹ̀.