Láti Ojú Irin dé Orí Kọ́ńbì

Ẹ̀yin ará wa, rélùwéè ni ó gbé púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá sí Jọ́ọ̀sì. Ní 1914, ọkọ̀ ojú irin kékeré láti Sáríà dé Bùkúrù. Ní 1927, ojú irin ńlá gba Kafanchan wọ ìlú. Ìjọba ni ó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì nígbà náà. Nígbà tí yóò fi di 1957 tí a pa ọ̀nà kékeré tì, mọ́tò ti ń gba iṣẹ́, ìtọ́jú sì di ọwọ́ àwa oní-mọ́tò.

Ẹ wo kọ́ńbì Volkswagen, tí Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní 1950. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kì í ṣe omi. Bẹ́líìtì kan náà ni ó ń yí fáànù àti jẹnẹrétọ̀. Bí iná pupa jẹnẹrétọ̀ bá tàn níwájú awakọ̀, kí ó dúró kíá, kí ó wo bẹ́líìtì. Bí ó bá já tí ó ṣì ń lọ, ẹ́ńjìnnì yóò jóná.

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Hawan Kibo, lọ́nà Akwanga, jíà kékeré ni kí a fi sọ̀kalẹ̀. Bíréèkì tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí yóò gbóná, kò sì ní mú mọ́. Owó ẹrù àpọ̀jù kò tó ra ẹ̀mí èrò kan. Àlọ ire, àbọ̀ ire o.