Fèrè Ọdẹ àti Ajá Orí Okùn

"Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ." Ohun tí òwe yìí ń wí kò fara sin: ẹni tí àgbákò ń pè kì í gba ìkìlọ̀. Ọmọ tó kọtí ikún ni àgbà máa ń pa á fún, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Ṣùgbọ́n ajá tó ń sọnù nínú igbó kì í sábà jẹ́ olóríkunkun inú wọn. Èyí tó gbóòórùn ẹran ni, tí imú ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ etí. Fèrè ń dún kíkankíkan, kò wọ̀ ọ́ létí ni.

Ajá tí kò fẹ́ gbọ́ wà, ajá tí kò lè gbọ́ náà wà. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra yóò máa retí iṣẹ́ tí ẹgba kò lè ṣe lọ́wọ́ ẹgba.

Nígbà tó jẹ́ pé ajá ìbílẹ̀ ló kún Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, ọ̀rọ̀ yìí kò ká ọ̀pọ̀ èèyàn lára. Ajá ìbílẹ̀ kò mọ okùn. Ilẹ̀ ń mọ́, ó ti jáde. Ó ń bá ewúrẹ́ pín ojúde, ó ń yà fún ọ̀kadà, ó mọ ajá ilé kẹta dáadáa, bó bá sì rí èyí tí kò mọ̀, á gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Ti ìsinsìnyí yàtọ̀. Olùkọ́ tó ń gbé nítòsí ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òkukù, oníṣòwò tó kọ́ ilé olódi sí ẹ̀yìn ìlú Ìkìrun, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tó ti Èkó padà sí Ìnísà: irú wọn ló ń ra Alsatian, Rottweiler tàbí Boerboel nítorí olè. Wọ́n á so ó mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án, wọ́n á tú u sínú ọgbà lóru. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá fi okùn sí i lọ́rùn pé kó bá àwọn rìn jáde ni wàhálà ń dé. Bó bá ti rí ajá mìíràn lọ́ọ̀ọ́kán, á fò sókè, á máa gbó bí ẹni tí wọ́n jí lọ́mọ gbé, á máa wọ́ olówó rẹ̀ tuurutu. Àwọn tó wà níta á ní, "Ajá yìí mà burú o!" Olówó rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, torí ajá tó burú ló sanwó fún.

Bóyá ó burú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, bí okùn bá já mọ́ ajá yìí kan náà lọ́rùn, á sún mọ́ èkejì, wọ́n á gbóòórùn ara wọn, wọ́n á sì túká láìjà. Kò dájú pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún gbogbo ajá, kí ẹnikẹ́ni má sì tú okùn láti dán an wò. Àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀ tó láti fi hàn pé okùn wà lára ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀.

Bí ajá méjì tí kò mọra bá pàdé láìsí okùn, wọn kì í kọjú síra tààrà. Wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ yí po, èyí á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tọ̀hún á máa fimú kan ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan, kí wọ́n tó wá kí ara wọn láti ẹ̀yìn. Ìwà ọmọlúàbí láàrin ajá nìyẹn, okùn kì í sì í jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ojú ọ̀nà tóóró láàrin ògiri agbo-ilé méjì, ajá kan ń bọ̀ níwájú, olówó ti fa okùn le torí pé àyà òun náà ti ń já: ajá kò rí ẹ̀gbẹ́ yà sí, kò sì lè padà sẹ́yìn. Ẹran tí ẹ̀rù bá bà, sísá ló kọ́kọ́ máa ń rò. Bí kò bá lè sá, á gbìyànjú kí ẹlòmíì sá fún òun. "Máa lọ!" ni gbogbo igbe àti ìfò yẹn ń wí. Nígbà tí ajá kejì bá sì kọjá lọ, bó ti fẹ́ kọjá tẹ́lẹ̀, ti orí okùn á gbà pé igbe òun ló lé e. Lọ́jọ́ kejì, á tètè bẹ̀rẹ̀.

(Àwọn kan wà tí kì í ṣe ẹ̀rù ló ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n fẹ́ lọ kí èkejì ni, okùn kò jẹ́, ìbínú sì dé. Ìtọ́jú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.)

Ó yẹ kí Ìkìrun mọ ohun tí ẹ̀dá tí ọ̀nà dí mọ́ máa ń ṣe. Nínú Ogun Jálumi, ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lẹ́bàá ìlú náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sá lọ ló kó sínú odò Ọ̀tìn, tí omi sì gbé. Ta nínú wọn ni kò mọ̀ pé omi ń pani? Ajá orí okùn kò tilẹ̀ rí odò tí yóò kó sí; eyín ló kù fún un.

Àlàyé tó gbajúmọ̀ nígboro kò gba ibí yìí. Wọ́n á ní ajá náà fẹ́ jọ̀gá, pé kí olówó rẹ̀ fi hàn án pé òun ni ọ̀gá ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ní orírun, orírun náà sì jìnnà sí wa. Ní 1947, Rudolf Schenkel kọ̀wé lórí àwọn ìkookò inú ọgbà ẹranko ní Basel, ní Switzerland, pé wọ́n ń bára wọn du ipò. Ní 1970, David Mech ará Amẹ́ríkà gbé èrò náà sínú ìwé rẹ̀, ayé sì gbà á. Ṣùgbọ́n inú àhámọ́ ni wọ́n ti wo àwọn ìkookò ti Basel. Mech lo ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú ìkookò inú igbó, ó sì kọ ọ́ ní 1999 pé bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ wọn ló sábà máa ń para pọ̀ di agbo, pé ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá kò ju òbí lọ. Ẹni tó tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀ ti yí i padà. Àwọn tó ń ta ṣéènì ẹlẹ́gùn-ún kò tíì gbọ́.

Kí a má purọ́, ẹgba ń ṣiṣẹ́. Bí a bá ń na ajá, tàbí tí a ń fa ṣéènì fún un lọ́rùn nígbàkigbà tó bá gbó, ó lè dákẹ́. Ohun tó kọ́ ni pé bí ajá mìíràn bá ti yọ, ìrora ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rù lé sí i, ìkìlọ̀ ló parẹ́; ajá tí kì í kùn mọ́ kó tó bunijẹ kò sì dára nínú ilé tí ọmọdé wà. Ní 2020, Ana Catarina Vieira de Castro àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ajá 92 tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ajá ní Portugal. Àwọn tí wọ́n ń fi ìyà kọ́ ń mí hẹlẹhẹlẹ ju àwọn tí wọ́n ń fi oúnjẹ kọ́ lọ, èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà ìnira sì lé sí i nínú itọ́ wọn lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Wọ́n tún dán wọn wò lọ́nà kan tó wuni: abọ́ apá kan máa ń ní oúnjẹ, ti apá kejì máa ń ṣófo; wọ́n wá gbé abọ́ sí àárín. Àwọn tí wọ́n ń fìyà kọ́ lọ́ra láti lọ wò ó. Wọn kò retí ire níbẹ̀.

Ivan Pavlov ará Rọ́ṣíà ló tànmọ́lẹ̀ sí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara ló gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 1904. Agogo tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n kọ́. Agogo náà pàápàá, àsọdùn wà níbẹ̀, torí ó máa ń lo ohun mìíràn, pàápàá ẹ̀rọ tí àwọn olórin fi ń ka ìlù, tó ń ró kọ́, kọ́, kọ́. Ìró á ṣáájú, oúnjẹ á tẹ̀ lé e. Bó bá pẹ́, itọ́ ajá á máa dà bí ìró bá ti dún. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún itọ́. Ohun tó yí padà ni ohun tí ìró yẹn jẹ́ sí ajá, ibi tí àṣẹ àti ẹgba kì í dé sì nìyẹn.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1924, omi ya wọ Leningrad, ó sì kún dé ilé tí àwọn ajá Pavlov wà. Wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àhámọ́ wọn kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé fà wọ́n yọ. Nígbà tí omi fà, ẹ̀kọ́ tí àwọn kan nínú wọn ti kọ́ ti pòórá pátápátá. Ọ̀kan bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí omi díẹ̀ ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, gbogbo rẹ̀ sì tún dàrú mọ́ ọn lójú. Ẹnikẹ́ni kò lè pe ajá yẹn ní olóríkunkun.

Ìdí tí a fi mẹ́nu kan fèrè ọdẹ nìyẹn. Ohun èlò àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń kọ́ irú ajá yìí nílò ni àyè. Gbogbo ajá ló ní ìwọ̀n ibi tó ti lè rí ohun tó ń dẹ́rù bà á, kó sì tún lè gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó lè jẹ́ ogún ìṣísẹ̀, ó lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Oúnjẹ la fi ń wọ̀n ọ́n: bí ajá tó fẹ́ràn ẹ̀dọ̀ bá kọ ẹ̀dọ̀ lójú ọ̀nà, a ti sún mọ́ jù, kí a padà sẹ́yìn. Pápá ìṣeré ilé-ìwé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé dára fún un, tàbí ẹ̀yìn ìlú ní ìdájí kí ewúrẹ́ tó jáde. Ọjọ́ ọjà kò dára rárá.

Ẹ̀dọ̀ bíbọ̀ tàbí pánlá ni kí wọ́n gé wẹ́wẹ́ sápò, láìsí ata, láìsí alùbọ́sà, torí alùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ká ní ọ̀rẹ́ kan dúró lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú ajá tirẹ̀ tó tutù. Ajá wa á kọ́kọ́ rí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀dọ̀ á dé, kó tó gbó rárá. Èwo ló ṣáájú ṣe pàtàkì gidi. Bó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀ ló máa ń ṣáájú, ajá gbọ́n, á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹ̀dọ̀. Bí ajá kejì bá wọ ẹ̀yìn ògiri, ẹ̀dọ̀ dópin. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, á rí ajá kejì, á sì yíjú wo olówó rẹ̀ pé ẹ̀dọ̀ òun dà. Leslie McDevitt ará Amẹ́ríkà sọ ìyíjú yìí di eré nínú ìwé tó tẹ̀ ní 2007. Ìgbà yẹn ni a tó lè sún síwájú ní ìṣísẹ̀ díẹ̀, oṣù ni a ó sì fi ṣe é.

Àwọn kan á ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, pé à ń sanwó fún ajá torí pé ó gbó. Ẹ̀rù kì í ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀dá ń fi owó ọ̀yà ṣe. Oúnjẹ kò lè mú kó pọ̀ sí i. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko tó ń rí sí ìwà ẹran ní Amẹ́ríkà, AVSAB, kọ ọ́ ní 2021 pé ẹ̀kọ́ tó ń lo ẹ̀san nìkan ni kí wọ́n máa lò fún gbogbo ajá, títí kan àwọn tó ń bunijẹ.

Òpópónà ìlú kò fẹ̀ bíi pápá, kí wọ́n kọ́ ajá nínú ilé láti yí padà kíá bí wọ́n bá ní "Ó yá!" Mọ́tò tí wọ́n páàkì àti ògiri wúlò fún sísá pamọ́. Okùn tó gùn tó mítà méjì, tí kò le, kó so mọ́ ìgbànú àyà, kì í ṣe ọrùn. Aránbàtà tó mọṣẹ́ lè rán ìgbànú náà. Èyí tó bá ti bunijẹ rí gbọ́dọ̀ wọ ìdènà ẹnu, ẹ̀dọ̀ náà ni wọ́n á fi mọ́ ọn lára. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kò ṣeé fi falẹ̀, torí ajá ló ń kó àrùn náà ran èèyàn nínú nǹkan bí 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹni tí kò tíì ra tirẹ̀ ló ríṣẹ́ jù. Ní Bar Harbor, ní Amẹ́ríkà, John Paul Scott àti John Fuller fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ọmọ ajá, ìwé wọn sì jáde ní 1965: láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá ni ọmọ ajá ń mọ ohun tí kò yẹ kó máa bẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń gbé wá láti Ìbàdàn tàbí Èkó, inú àhámọ́ ni wọ́n ti lo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn. Kí ẹni tó ń rà bi ẹni tó ń tà pé kí ni ọmọ ajá yìí ti rí láyé. Bó bá sì gbé e délé, tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tíì pé, kó má gbé e sílẹ̀ níta. Ó lè gbé e sí itan lẹ́bàá títì Òṣogbo, kí ó máa wo ọ̀kadà, màálù àti ajá ẹlòmíì, pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ lápò.