Wúrà Sydney 2000: Òtítọ́ Lé Irọ́ Bá, Ṣùgbọ́n Kò Bá Sunday Bada Láyé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òtítọ́ tí ìtàn yìí dá lé kò tilẹ̀ lo ogún ọdún lójú ọ̀nà. Ọdún 2000 ni irọ́ náà gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní ìlú Sydney, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Ọdún 2008 ni àṣírí tú. Ọdún 2012 ni wọ́n tó fi wúrà náà fún Nàìjíríà tí ó ni ín. Ohun tí òwe náà kò sọ fún wa ni ipò tí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ yóò wà lọ́jọ́ tí òtítọ́ bá dé. Kí wúrà Sydney tó dé, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó sáré ìparí náà fún Nàìjíríà ti papòdà.

Ọjọ́ 30, oṣù Ọwẹ́wẹ̀, ọdún 2000 ni eré náà wáyé ní pápá ìṣeré Stadium Australia, níbi ìdíje Òlíḿpíìkì. Ìparí eré ìje ẹlẹ́ni-mẹ́rin ti àwọn ọkùnrin ni. Sárésáré kọ̀ọ̀kan yóò sá irinwó mítà, èyí tí í ṣe odidi àyíká pápá lẹ́ẹ̀kan, yóò sì gbé ọ̀pá lé ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Irinwó mítà kì í ṣe eré ọmọdé. Bí ó ti kéré tó lójú ẹni tó jókòó wòran, ibi tí ó bá ku ọgọ́rùn-ún mítà ni ẹsẹ̀ máa ń wúwo bí òjé, tí èémí yóò máa já, tí ara yóò máa bẹ ẹlẹ́ran-ara pé kí ó dúró. Ẹni tí kò bá dúró níbẹ̀ ló ń gba àmì-ẹ̀yẹ.

Nàìjíríà kì í ṣe àjèjì nínú eré yìí. Ní Los Angeles, lọ́dún 1984, Sunday Uti, Moses Ugbisie, Rotimi Peters àti Innocent Egbunike ti gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ níbẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59.32. Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn náà, àwọn tí ilẹ̀ wa kó jọ fún ìparí ti Sydney ni Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong. Nduka Awazie àti Fidelis Gadzama sáré pẹ̀lú wọn ní àwọn ìpele ìṣáájú. Bada ni àgbà wọn. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ó ti kópa ní Òlíḿpíìkì Barcelona àti ti Atlanta, ó sì ti gba wúrà irinwó mítà níbi ìdíje àgbáyé ti abẹ́ òrùlé ní Paris lọ́dún 1997. Udo-Obong ni àbúrò gbogbo wọn. Ọmọ ọdún méjìdínlógún péré ni.

Ọ̀fọ̀ ni wọ́n fi wọ inú ìdíje náà. Hyginus Anugo, ọ̀kan lára àwọn sárésáré irinwó mítà tí wọ́n mú dání gẹ́gẹ́ bí arọ́pò fún eré ẹlẹ́ni-mẹ́rin yìí, ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kọlù tí ó sì pa ní Sydney ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ yẹn kan náà, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Òun ni àfẹ́sọ́nà Glory Alozie, ẹni tó ń sáré afò-ìdènà fún Nàìjíríà. Tẹkúntẹkún ni Alozie fi wọ pápá, ó sì gba fàdákà. Ìbànújẹ́ kan náà ló wà lọ́kàn àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbáradì pẹ̀lú Anugo.

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ eré sísá tó ń ṣiyèméjì nípa ipò kìn-ín-ní. Amẹ́ríkà ni gbogbo ènìyàn ti fi í fún. Alvin Harrison ló ṣíde fún wọn. Ó gbé ọ̀pá fún Antonio Pettigrew, ẹni tó gba wúrà irinwó mítà níbi ìdíje àgbáyé ti Tokyo lọ́dún 1991. Pettigrew gbé e fún Calvin Harrison, tí òun àti Alvin jẹ́ ìbejì. Calvin sì gbé e fún Michael Johnson, ọba irinwó mítà ní gbogbo ayé lásìkò náà. Ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 56.35 ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ibi ipò kejì ni ìjà wà. Nígbà tí ọ̀pá dé ọwọ́ Udo-Obong, Jàmáíkà àti Bàhámà ṣì wà níwájú rẹ̀. Ọmọdékùnrin náà fara balẹ̀, ó ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n já sí ojú pápá títọ́ tó kẹ́yìn, ó fi gbogbo agbára tó kù nínú rẹ̀ lé wọn, ó sì ré àwọn méjèèjì kọjá. Ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 58.68 ni Nàìjíríà lò, Jàmáíkà lo 2:58.78, Bàhámà sì lo 2:59.23. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo ló la Nàìjíríà àti Jàmáíkà láàárín. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó sá eré náà yá jù bẹ́ẹ̀ lọ títí di ọdún 2021, nígbà tí Botswana sá a ní 2:57.27 ní Tokyo.

Inú Nàìjíríà dùn sí fàdákà náà, wọ́n sì gbé e wálé. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé a ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.

Àmì àkọ́kọ́ pé nǹkan kò gún yọjú láti ibòmíràn. Jerome Young, ọ̀kan lára àwọn tó sáré fún Amẹ́ríkà ní àwọn ìpele ìṣáájú ní Sydney, ni àyẹ̀wò ti fi hàn lọ́dún 1999 pé ó lo oògùn èèwọ̀, ìyẹn àwọn oògùn afúnnilágbára tí òfin eré ìdárayá kò fàyè gbà. Àwọn aláṣẹ eré sísá Amẹ́ríkà dá a láre, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Nígbà tí ó hàn sí gbangba, Ilé-ẹjọ́ Eré Ìdárayá Àgbáyé tó fìdí kalẹ̀ sí ìlú Lausanne sọ lọ́dún 2004 pé kò yẹ kí Young wà ní Sydney rárá. Àjọ tó ń ṣàkóso eré sísá lágbàáyé wá dábàá pé kí wọ́n gba wúrà náà lọ́wọ́ gbogbo ikọ̀ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà pe ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ kan náà sì dá wọn láre lọ́dún 2005. Ìdí ni pé òfin tó wà nílẹ̀ ní ọdún 2000 kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó sáré ní ìpele ìṣáájú nìkan lè pa èsì ìparí rẹ́. Wúrà tí ó ti fẹ́ kan Nàìjíríà lọ́wọ́ tún yọ̀ bọ́rọ́.

Ẹni tó wá tú àpò ìkọ̀kọ̀ náà gan-an ni Trevor Graham, olùkọ́ Pettigrew. Graham yìí kan náà ló fi abẹ́rẹ́ kan ránṣẹ́ sí àjọ tó ń gbógun ti oògùn èèwọ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2003. Oògùn tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò kò tíì dá mọ̀ ló wà nínú rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní BALCO ní ìpínlẹ̀ California. Abẹ́rẹ́ yẹn ló dá wàhálà ńlá sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ olókìkí. Eérú tí Graham dà sì fẹ́ padà sí i lójú: nígbà tí àwọn aṣèwádìí ìjọba dé ọ̀dọ̀ òun alára, wọ́n ní ó purọ́ fún àwọn, wọ́n sì gbé e lọ sí kóòtù ní San Francisco. Oṣù Ẹ̀bìbì, ọdún 2008 ni Pettigrew gorí àpótí ẹlẹ́rìí, tó búra, tó sì jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn EPO àti oògùn tó ń mú ara dàgbà, èyí tí wọ́n ń pè ní HGH, láti ọdún 1997. EPO yìí máa ń sọ ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀, kí ó lè máa gbé atẹ́gùn púpọ̀ lọ sí inú iṣan. Ara tí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀ lè ṣe ìgbáradì tó le ju ti ẹlòmíràn lọ láìtètè rẹ̀ ẹ́. Kò sí àyẹ̀wò kan tó mú Pettigrew ní gbogbo àkókò yẹn. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Kí Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì Àgbáyé tó sọ̀rọ̀, Michael Johnson ti ní òun yóò dá àmì-ẹ̀yẹ tòun padà. Kò lo oògùn èèwọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì fẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kàn án, ṣùgbọ́n ó ní wúrà tí wọn kò fi òdodo gbà kò yẹ ní ọ̀dọ̀ òun. Ó yẹ kí a yìn ín fún èyí. Eré ẹlẹ́ni-mẹ́rin kò dà bí eré àdásá. Ọ̀pá kan ni gbogbo wọn ń gbé, bí ẹnìkan nínú wọn bá fi ọwọ́ àbòsí gbé e, àbòsí ni gbogbo wọn gbé dé ìparí. Àwọn ìbejì Harrison pàápàá ti gba ìjìyà lórí ọ̀rọ̀ oògùn èèwọ̀ ní ọdún 2003 àti 2004.

Ọjọ́ 2, oṣù Ògún, ọdún 2008 ni Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì gba wúrà náà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Ó yẹ kí òǹkàwé kíyèsí ọjọ́ yẹn dáadáa. Òfin àkókò náà fàyè gba ọdún mẹ́jọ péré fún yíyí èsì eré padà. Bí Pettigrew bá ti fi ìjẹ́wọ́ rẹ̀ falẹ̀ di oṣù Ọ̀wàrà, ó ṣeé ṣe kí wúrà náà di ti Amẹ́ríkà títí láé. Oṣù méjì ló kù.

Ṣùgbọ́n gbígbà wúrà lọ́wọ́ ẹnìkan kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú fífún ẹni tó tọ́ sí. Ọdún 2009 kọjá, ti 2010 kọjá. Pettigrew kú ní oṣù Ògún, ọdún 2010. Ní ọjọ́ 12, oṣù Ọ̀pẹ̀, ọdún 2011, Sunday Bada kú ní ìlú Èkó ní ẹni ọdún méjìlélógójì. Oṣù méje lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 21, oṣù Agẹmọ, ọdún 2012, Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì kéde pé Nàìjíríà ló ni wúrà eré ẹlẹ́ni-mẹ́rin ti Sydney, pé Jàmáíkà gba fàdákà, Bàhámà sì gba idẹ.

Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti ń lọ sí Òlíḿpíìkì, wúrà mẹ́ta péré ni orílẹ̀-èdè náà ní. Chioma Ajunwa gba ọ̀kan nínú fífò gígùn ní Atlanta, ikọ̀ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá gba èkejì níbẹ̀ kan náà lọ́dún 1996. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn ọkùnrin yìí sáré gbà. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó rí wọn lórí àga àwọn olúborí. Kò sí àsíá Nàìjíríà tó gòkè ju ti àwọn yòókù lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní Sydney, orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ. Owó ìpolówó àti ìkésíni sí ìdíje ńláńlá tó máa ń tọ ẹni tó gba wúrà lẹ́yìn ti bá ọ̀nà mìíràn lọ, nítorí iṣẹ́ sárésáré kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ní ti Bada, kò tilẹ̀ gbọ́ pé wúrà ni òun gbà. Ìdílé rẹ̀ ló gbọ́ ọ.

Ohun tí ìtàn yìí ń béèrè lọ́wọ́ Nàìjíríà kò pin sí kí a bínú sí Amẹ́ríkà. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí ni í sá fún ekòló, ó sì yẹ kí orílẹ̀-èdè tí a fi oògùn èèwọ̀ rẹ́ jẹ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò máa ṣọ́ ilé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Agẹmọ, ọdún 2021, nígbà tí ìdíje Òlíḿpíìkì Tokyo ń lọ lọ́wọ́, wọ́n kéde pé sárésáré méjìdínlógún kò gbọdọ̀ kópa nítorí pé wọn kò ṣe àyẹ̀wò oògùn tó bí òfin ti là á sílẹ̀. Mẹ́wàá nínú wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Àyẹ̀wò òjijì mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́wàá kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ni òfin béèrè fún orílẹ̀-èdè tó bá wà ní ìsọ̀rí tí Nàìjíríà wà. Lọ́jọ́ díẹ̀ sí i, wọ́n dá Blessing Okagbare dúró nítorí oògùn èèwọ̀, wọ́n sì fi òfin dè é fún ọdún mẹ́wàá ní ọdún 2022.

Àwọn mẹ́wàá yẹn kò jẹ̀bi oògùn kankan. Àwọn tó yẹ kí wọ́n ṣètò àyẹ̀wò fún wọn ni kò ṣe é. Ìgbáradì ọ̀pọ̀ ọdún ṣègbé fún wọn ní ọ́fíìsì, gẹ́gẹ́ bí wúrà Bada ti ṣègbé ní yàrá tí Pettigrew ti ń gún abẹ́rẹ́. Àwọn tó ń darí eré sísá ní Nàìjíríà lónìí kò lè dá ọjọ́ 30, oṣù Ọwẹ́wẹ̀, ọdún 2000 padà fún àwọn ọkùnrin Sydney. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ wọn ni kí wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tó ń sáré lónìí ṣe àyẹ̀wò wọn lásìkò, kí ẹnikẹ́ni má bàa gba ọjọ́ tiwọn lọ́wọ́ wọn.