Ilé Ìtura Bristol

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá níbí bi mí léèrè pé, “Tíṣà, ṣé òtítọ́ ni pé ní ilẹ̀ Íńdíà, ìdílé tí a bí ènìyàn sí ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí yóò bá a jẹun?” Mo ní ó rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì tíì tán. Varna ni ìwé àtijọ́ wọn pe ìpín mẹ́rin tí wọ́n pín ènìyàn sí, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àwọ̀. Àwọn kan tún wà lẹ́yìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí wọn kò gbọdọ̀ pọn omi ní kànga àwọn yòókù. Ambedkar, ọ̀kan nínú wọn, ni alága ìgbìmọ̀ tí ó kọ òfin ìpìlẹ̀ Íńdíà. Òfin náà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950, ka àṣà yìí léèwọ̀.

Ọmọ náà ní, “Ọpẹ́ ni pé irú rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ tiwa.”

Ẹ gbọ́ o. Ní 1902 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìjọba sílẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n ní kìkì ọmọ òyìnbó ni yóò wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ Dókítà Ọ̀gúntọ́lá Sàpárà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Èkó ṣáájú àkókò yẹn. Sàpárà yìí ni ó fi ọgbọ́n wọ ẹgbẹ́ awo Ṣọ̀pọ̀nná láti mọ bí ìgbóná ṣe ń tàn ká, iṣẹ́ tí òyìnbó kankan kò lè ṣe! Síbẹ̀ owó oṣù dókítà dúdú kéré, òyìnbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ jáde sì ni ọ̀gá rẹ̀. Ní Ìkòyí, apá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òyìnbó, kúùkù àti bọ́ì ni ènìyàn dúdú tí ń sùn níbẹ̀.

Ní oṣù kejì 1947, Ivor Cummings dé sí Èkó. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, láti ọ́fíìsì tí ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ amúnisìn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ọmọ Sàró ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Wọ́n ti gba yàrá sílẹ̀ fún un ní Ilé Ìtura Bristol, tí ọmọ ilẹ̀ Gíríìkì kan ni. Ìgbà tí wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kò sí àyè. Ìlú gbaná. Ìwé ìròyìn pariwo, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tí kì í rẹ́ sì fi ohùn ṣọ̀kan. Kí oṣù kẹta tó parí, Gómìnà Richards, ẹni tí àwọn olóṣèlú wa kò fẹ́ rí sójú, pàṣẹ pé ibi tí owó ìjọba bá ń gbé ró kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹ̀yà kan ṣoṣo mọ́. (Ní 1948 Cummings yìí kan náà ni wọ́n rán lọ pàdé àwọn ará Jàmáíkà tí ó bá ọkọ̀ Windrush dé Ìlú Ọba.)

Ìkòyí ṣí, ilé ìwòsàn òyìnbó náà ṣí. Ta ni ó wọlé? Akọ̀wé àgbà, adájọ́, dókítà, àwọn tí wọ́n dé ipò tí òyìnbó wà nínú iṣẹ́ ìjọba.

Ọmọ náà ronú díẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, ẹlẹ́ja ńkọ́?”

Mo ní ẹlẹ́ja ṣì ń gba ẹ̀yìnkùlé, ó ń ná ẹja pẹ̀lú kúùkù.